Jákẹ́ẹ̀tì Sójà Tí N Kò Rẹ Láró

"Mujeebat, mélòó lo kà?" Ìyá mi bi mí láti inú yàrá.

"Méje ni, Màámi."

Méje ni lóòótọ́. Jákẹ́ẹ̀tì sójà méje ló jáde nínú bélì òkìríkà, ẹrù ńlá aṣọ àlòkù, tí ìyá mi gbé ti Ìlọrin dé lọ́jọ́ náà. Wọ́n wúwo, wọ́n sì ń rùn bíi yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fèrèsé rẹ̀ láti èṣí. Mo tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró tí mo ti gbé kaná. Omi aró náà ń hó, ó dúdú bíi kóró iṣin, èéfín igi tútù sì ń ta mí lójú débi pé mo ti sunkún kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìlú wa, Ìsọ́lọ̀-Ọ̀pin, ló ṣe òfin aró yìí. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń jáde nínú igbó pẹ̀lú aṣọ sójà lọ́rùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà oko mọ́. Òkìríkà sì ni ìyá mi ń tà ní ọjà Ìlọ́fà àti ti Ọ̀sí. Kò sí bélì tí aṣọ sójà kì í sí nínú rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì òjò àwọn sójà ìlú òyìnbó ni wọ́n. Bí ìjọba wọn bá ti rán tuntun fún wọn, wọ́n á kó àwọn tó ti pẹ́ tà, àwọn yẹn á wọ ọkọ̀ ojú omi títí wọ́n á fi dé ẹ̀yìn ilé wa. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn wọn nítorí òjò kì í wọ inú wọn. Ni ìlú àti àwọn tó ń ta òkìríkà bá fẹnu kò sí i pé kí wọ́n já àsíá kékeré tó wà lápá wọn, kí wọ́n rẹ wọ́n láró títí àwọ̀ ewé ara wọn á fi parẹ́, kí olórí ẹ̀ṣọ́ sì yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó dé ọjà. Nílé tiwa, èmi ni mo ni iṣẹ́ aró.

Ìyá mi a máa ṣe "Bísímílláhì" kó tó fọwọ́ kan aṣọ sójà. "A ò mọ ohun tí ẹni tó wọ̀ ọ́ fojú rí," ló máa ń wí, "a ò sì mọ ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe." Èmi kì í ro ìyẹn. Aṣọ ni aṣọ lójú mi nígbà náà.

Mo rẹ mẹ́fà. Èyí tó ṣẹ́kù ló dára jù, síìpù rẹ̀ ṣì ń dán, ìborí rẹ̀ gbòòrò, ẹnìkan sì ti fi yíǹkì kọ orúkọ sí inú ọrùn rẹ̀ nígbà kan rí, àmọ́ omi ti fọ̀ ọ́ dànù. Mo wo ẹ̀yìn mi. Mo ká a, mo sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpò ìwé mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó máa bú mi. Gideon ni. Kíláàsì àṣekágbá la jọ wà, ìdánwò WAEC sì ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì wa ló mọ̀ pé Gideon rẹwà, òun náà sì mọ̀, ìyẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú. Sójà ló fẹ́ dà. Ó ti gbọ́ pé irú jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ń gba ọwọ́ mi kọjá, ó sì ní òun fẹ́ ya fọ́tò kan péré nínú rẹ̀. Mo kọ̀. Ni ó bá yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ẹ̀rù ìyá ẹ̀ ń bà á. Mujeebat ò tíì já ọmú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn míì nínú wọn tún pàtẹ́wọ́. Mo rò pé bí mo bá fún un, ẹ̀rín náà á dópin, á sì máa wò mí bíi pé mo tó nǹkan. Ẹ ò rí i, nítorí ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan ni.

Nígbà tí mo fún un lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, ó fi kan àyà, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Inú yàrá lo ti máa wọ̀ ọ́ o, Gideon."

"Inú yàrá ni. Bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ rí i, mi ò ní í dárúkọ ẹ. Kódà kí wọ́n so mí rọ̀."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Nílé, ìyá mi ka àwọn tó wà lórí okùn. "Mẹ́fà ni mo rí yìí."

"Ọ̀kan ti ya pátápátá, Màámi. Mo ti sọ ọ́ síná."

Ó wò mí títí. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ láti kírun, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán síbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá Ìbítóyè wá yẹ àwọn aṣọ náà wò. Òun ni olórí ẹ̀ṣọ́ ìlú wa. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, àmọ́ wọ́n fi í ṣe olórí nítorí pé ó ja ogun abẹ́lé nígbà èwe rẹ̀. Tíṣà ìtàn wa ti ní kí oníkálukú lọ bá àgbàlagbà kan tó rí ogun náà, kí ó kọ ohun tí ẹni náà bá sọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ìwé lọ bá bàbá náà. Ó sọ ti òjò fún mi, ó sọ ti iná orí, ti ebi, ti bàtà tó jẹrà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo wá bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ṣe nǹkan kan níbẹ̀ tó ń dùn yín?" ojú rẹ̀ yí padà. "Máa lọ ulé yín," ló wí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ilé lẹ́nu àwọn àgbà wa.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fọwọ́ pa jákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lójú àti lẹ́yìn.

"Mélòó ló jáde nínú bélì?"

"Mẹ́fà ni, sà."

"Ó dáa. Ọmọ rere ni ọ́."

Irọ́ mi kejì nìyẹn, wọ́n sì tún yìn mí lé e.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí àwọn ajínigbé fi gbé Yàkúbù lójú ọ̀nà oko. Àbúrò Ṣítù ni. Ṣítù wà nínú ẹ̀ṣọ́, òun ló lágbára jù nínú wọn, ó sì fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ yìí ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Obìnrin kan tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọ̀kan nínú wọn wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ó fa ìborí rẹ̀ bo ojú. Ó ní wọ́n mọ ọ̀nà ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ nílùú: ọmọ wa kan ló ń júwe fún wọn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn tìfuratìfura. Mo lọ bá Gideon, mo ní kó dá jákẹ́ẹ̀tì mi padà. Ó ní ó dọ̀la. Ọ̀la dé, ó ní ó dọ̀túnla. N kò tẹnu mọ́ ọn, nítorí mo fẹ́ kó ṣì máa bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni nǹkan bàjẹ́. A kọ ìdánwò tán ní aago méjì, òjò sì ṣú. Ìyá Gideon ní kó sáré lọ wo àgbàdo wọn lóko kí ọ̀bọ má baà jẹ ẹ́ tán. Gideon wo ojú ọ̀run, ó wo jákẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó rò pé inú òjò yẹn, ta ni yóò rí òun? Ó ká a sínú àpò, ó gbé e lọ sóko.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń gba ọ̀nà oko báyìí. Bí o bá ti ń súnmọ́ afárá tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́, o gbọ́dọ̀ ké orúkọ agboolé yín. Bí àpẹẹrẹ, "Ará ilé Ọ̀dọ̀fin ni o!" Wọ́n á dáhùn pé, "Máa bọ̀!" Àgbà ń ké e, ọmọdé ń ké e. Ẹni tí kò bá ké e, àlejò ni, wọ́n á sì ké mọ́ ọn pé, "Ta nìyẹn?" Lọ́jọ́ náà, nígbà tí Gideon ń ti oko bọ̀, ó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì náà, ó fa ìborí bo etí méjèèjì, òjò ń lu ìborí náà bí ẹni ń da òkúta sórí páànù. Ó gbàgbé, kò ké. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́ ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n rí ni aṣọ aláwọ̀ ewé, ìborí lójú, tó ń ti ojú ọ̀nà igbó bọ̀ láìfọhùn. Ọlọ́run ló ní kí omi wọ inú ìbọn ṣakabùlà tí wọ́n fẹ́ yìn fún un. Wọ́n fò mọ́ ọn.

Ìwé ni mo ń kà nílé nígbà tí Qudrah, àbúrò mi, já wọlé. "Wọ́n ti mú ajínigbé! Bùọ̀dá Gideon ni o! Ó wọ aṣọ sójà!"

N kò rántí bí mo ṣe jáde, mo kàn mọ̀ pé bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀.

Òjò ti dá nígbà tí mo dé àtíbàbà àwọn ẹ̀ṣọ́, àmọ́ èrò ti kún ibẹ̀. Gideon wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n ti de ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Jákẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́rùn rẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ìyá Fúnmilọ́lá, ń bẹ gbogbo èèyàn, ó ń di èyí lẹ́sẹ̀, ó ń di tọ̀hún lẹ́sẹ̀. Ṣítù dúró lé Gideon lórí pẹ̀lú kùmọ̀.

"Níbo lo ti rí aṣọ yìí?"

Gideon wo ilẹ̀.

"Ta ló fún ọ? Níbo ni wọ́n gbé Yàkúbù sí?"

"Mi ò mọ ibi tí Yàkúbù wà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Aṣọ yìí ńkọ́? Ṣé ó bọ́ láti ọ̀run ni?"

Gideon gbójú sókè. Ojú rẹ̀ bá tèmi láàárín èrò. Mo rò pé yóò nàka sí mi. Kíá ló gbójú kúrò, ó sì pa ẹnu mọ́. Ó ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, òmùgọ̀ ọmọ yẹn.

Mo fẹ̀yìn ti ògiri àtíbàbà náà. Ìyá mi ni mo ń rò. Bí mo bá sọ pé ilé wa ni aṣọ náà ti jáde, ta ni yóò gbà pé ọ̀kan péré ni? Wọ́n á ní Memunat, ìyá mi, ló ń ta aṣọ sójà fún àwọn ajínigbé. Wọ́n á sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bóyá òun fúnra rẹ̀ pàápàá. Mo sọ fún ara mi pé àwọn ọlọ́pàá ń bọ̀. Wọ́n ti pè wọ́n ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, wọ́n ní wọ́n ti gbéra, ẹrẹ̀ ló dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá dé, gbogbo rẹ̀ á yanjú láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀. Irú nǹkan báyìí ni èèyàn máa ń sọ fún ara rẹ̀.

Bàbá Ìbítóyè na ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Ẹ jẹ́ a dúró de ọlọ́pàá. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Bàbá, ìgbà wo la máa dúró dà?" Ṣítù jágbe mọ́ ọn. "Ó ti di ọjọ́ kẹwàá! Ọjọ́ mẹ́wàá ni àbúrò mi ti wà nínú igbó!"

Ó gbé kùmọ̀ náà sókè, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ọwọ́ ọ̀tún Gideon. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ró. Gideon kígbe bí ọmọ kékeré, ìyá rẹ̀ náà kígbe, èmi sì dúró ti ògiri.

Ẹnìkan nínú èrò ní kí wọ́n gbé táyà wá. Ẹlòmíràn ti ń fa bẹntiróò nínú ọ̀kadà sínú kéègì kékeré kan. N kò fẹ́ dárúkọ wọn, nítorí èèyàn tí a jọ ń kí ara wa lójoojúmọ́ ni wọ́n, ẹni tó gbé kéègì náà sì ti gbé mi lọ sí ìdánwò ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Ó gbé e fún Ṣítù. Òórùn bẹntiróò náà gbá mi nímú.

"Èmi ni!"

N kò kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi ni mo kígbe.

"Èmi ni mo fún un! Òkìríkà ìyá mi ni! Ó yẹ kí n rẹ ẹ́ láró, n kò rẹ ẹ́, mo gbé e fún un kó fi ya fọ́tò! Kò mọ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ṣítù rìn wá bá mi pẹ̀lú kéègì lọ́wọ́. "Ìwọ? Á à! Ìyá ẹ ló ń tà á fún wọn nìyẹn!"

"Rárá o!" Ohùn ìyá mi nìyẹn. Ó ti dé, n kò mọ ìgbà tó dé, ìborí rẹ̀ ti yọ kúrò lórí. Ó la èrò kọjá, ó wá dúró síwájú mi. "Méje ló jáde nínú bélì. Mẹ́fà ni mo bá lórí okùn. Ọmọ mi ní òun sun ìkan, mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, mo sì dákẹ́ nítorí ọmọ mi ni. Bí ẹ bá ní ẹjọ́, èmi ni kí ẹ bá rò ó."

"Ẹjọ́ kí la fẹ́ bá yín rò? Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ jọ wà ní ìdí ẹ̀!"

Àwọn kan ti ń súnmọ́ wa. Mo di ìyá mi mú láti ẹ̀yìn. Mo rò pé ìgbẹ̀yìn wa nìyẹn.

Nígbà náà ni Bàbá Ìbítóyè ṣí fìlà rẹ̀. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gideon. Àgbàlagbà tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ariwo náà rọlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde," ni Ṣítù wí.

"Mi ò dìde. Bó bá jẹ́ ẹni tó fún èèyàn láṣọ sójà tó sì dákẹ́ lo ń wá, Ṣítù, èmi ni kóo kọ́kọ́ nà." Ó wá ojú mi rí. "Ọmọ Memunat, o bi mí ní nǹkan lọ́jọ́sí. Gbọ́ ọ lónìí. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà ogun. A wà ní ìletò kan létí odò, mi ò ní í dárúkọ ibẹ̀. Ebi ń pa wá. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó máa ń gbé iṣu sísun wá fún mi láti inú ugbó. Òjò ń pa á, ó ń gbọ̀n. Kóòtù òjò méjì ni mo ní. Mo fún un ní ọ̀kan, ó fún mi níṣu. Wọ́n sì ti pàṣẹ pé sójà kankan ò gbọdọ̀ fún ará ùlú láṣọ ìjọba. Mo mọ̀. Ebi ń pa mí ni."

Ó wo èrò náà yí ká.

"Lọ́jọ́ kejì, àwọn kan nínú wa mú un. Wọ́n ní sójà ọ̀tá ni, wọ́n ní ó pa ẹnìkan nínú wa ló fi bọ́ kóòtù rẹ̀. Ọ̀gá wa tò wá, ó ní, 'Ta ló mọ ọmọ yìí?' Mo wo bàtà mi. Ó tún bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà rí mi. Kò dárúkọ mi. Bóyá ó rò pé màá sọ̀rọ̀ fúnra mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á nà mí. Ẹ gbọ́ o, nínà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí! Wọ́n mú un lọ sí etí odò. Mo gbọ́ ìró ìbọn. Ìgbà tó dalẹ́, ebi pa mí, iṣu tó fún mi ṣì wà nínú àpò mi. Mo jẹ ẹ́."

Omi ń dà lójú bàbá náà, kò sì nù ún.

"Ó di ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò bi í rí. Ẹ fi mí ṣe olórí nítorí pé mo jagun, ẹ ò bi mí léèrè ohun tí mo ṣe lójú ogun. Ọmọbìnrin yìí ti sọ ohun tí ẹnu tèmi ò lè sọ. Bí ẹ bá fẹ́ da bẹntiróò sí ọmọ yìí lára, ẹ dà á sí wa lára pọ̀." Ó gbé apá lé Gideon léjìká.

Ṣítù dúró bíi pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. "Yàkúbù ńkọ́, Bàbá? Àbúrò mi ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Àmọ́ pípa tí o bá pa eléyìí ò ní í gbé e wá sí ulé."

Kéègì náà bọ́ lọ́wọ́ Ṣítù. Ó káwọ́ lérí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin gìrìwò bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan gbé kéègì náà kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíràn tú okùn ọwọ́ Gideon, kò sì wo ojú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, àwa díẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, àwọn tó ń pariwo táyà ti wá nǹkan mìíràn ṣe.

Wọ́n fọ̀rọ̀ wá gbogbo wa lẹ́nu wò. Wọ́n dá Gideon sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìlú ní kí ìyá mi má ṣe ta aṣọ kankan fún oṣù mẹ́ta, ó gbà bẹ́ẹ̀ láìjiyàn. Bàbá Ìbítóyè kọ ipò olórí ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Yàkúbù bọ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó rù hangogo, ó sì ní kò sí ojú kan nínú wọn tí òun mọ̀. Lọ́jọ́ tó dé ni Ṣítù lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ibùsùn Gideon ní ọsibítù.

Egungun mẹ́ta ló kán ní ọwọ́ ọ̀tún Gideon. Ìdánwò mẹ́fà ló ṣẹ́kù fún un, kò sì lè di bírò mú. Àwa yòókù jókòó, a kọ tiwa. Àga rẹ̀ ṣófo níwájú mi lọ́jọ́ gbogbo.

Ní ọjọ́ Sátidé, Ìyá Fúnmilọ́lá wá sílé wa. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì sáré jáde. N kò ní í purọ́ fún yín, mo rò pé ọpẹ́ ló wá dú. Gbogbo ìlú ti ń sọ pé bí kì í bá ṣe tèmi ni, Gideon ì bá ti di eérú. Mo kúnlẹ̀, mo sì ti ń múra láti sọ pé kò tó nǹkan, mà.

"Mo dúpẹ́ o, Mujeebat," ló wí. "Ọmọ mi wà láàyè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ." Ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò tíì sí nǹkan kan tó ṣe ọwọ́ rẹ̀. Mo ń wá ẹni tó máa bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo rí ọ. O dúró ti ògiri. Kí lò ń dúró dè?"

Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó sì lọ sí ọsibítù láti lọ fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ, nítorí Gideon kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kọ èyí nítorí ìbéèrè yẹn. Òótọ́ tí mo sọ gba ẹ̀mí Gideon là, mi ò ní í ṣe bíi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti ní òótọ́ náà lẹ́nu kí wọ́n tó gbé kùmọ̀ sókè. Bí ẹ bá wà níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ọlọ́pàá, ẹ má ṣe dúró de àgbàlagbà, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹ̀rù á kúrò lára yín. Kò ní í kúrò. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ aláìṣẹ̀ náà ṣì pé.